Ṣé A Ṣì Ń Tẹ Ara Wa Láago?

Lójú ọ̀nà Ìkòròdú, láti Anthony lọ sí Maryland, pátákó àtijọ́ ṣì ku díẹ̀ tó jẹ́ pé 01 ni nọ́ńbà tẹlifóònù ara wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pe òmíràn nínú wọn lónìí, kò ní lọ. Ti pátákó tuntun yàtọ̀: nọ́ńbà alágbèéká ni wọ́n ń kọ sí i, wọ́n á ya àmì WhatsApp tì í, ó tán. Ìpè ti kúrò lórí wáyà, ó ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì bá a kó lọ tán.

Ẹ wo “aago”. Agogo ni aago, ìró rẹ̀ la sì fi mọ tẹlifóònù nígbà tó kọ́kọ́ dé. Fóònù inú àpò ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí kì í dún bí agogo mọ́. Orin ló ń kọ, tàbí kó kàn máa gbọ̀n. Síbẹ̀, àwọn oníròyìn ń kọ “tẹ̀ mí láago”, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń sọ ọ́, kò sì sí ohun tó ṣe é. Àmì ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́. “Tẹ̀ mí láago” dára, “tẹ̀ ẹ́ láago” náà dára, ṣùgbọ́n “tẹ̀ Bọ́lá láago” kò dára. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín: “tẹ Bọ́lá láago”, “pe Bọ́lá”, “gba ìpè Bọ́lá”. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń ṣi èyí sọ lẹ́nu. Ìgbà tí a bá mú bírò ni a máa ń ṣì í, torí pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè la ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Láyé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, nǹkan ọlá ni fóònù nínú ilé. Nígbà tí Econet àti MTN gbé fóònù alágbèéká GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ti lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Wáyà ló bí ọ̀rọ̀ ìgbà náà: wọ́n á ní “wọ́n ti gé fóònù wa” bí gbèsè bá wọ̀ ọ́. GSM kó tirẹ̀ dé, ó mú “fláàṣì” wá, ó mú “kò lọ” wá, ó sì sọ “Ibo lo wà?” di ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni. Ta ló máa béèrè ìyẹn lórí fóònù ilé? Ẹni tó bá gbé e ti wà nílé. Ẹni tó ń sọ pé “mo ti dé Anthony” nígbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì ń ké “Mile 12!” létí rẹ̀, GSM ló kọ́ ọ.

Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 2003 ni Skype jáde, oṣù Karùn-ún 2025 sì ni Microsoft tì í pa. WhatsApp bẹ̀rẹ̀ ìpè olóhùn ní 2015, ti fídíò tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n á gé ohùn sí wẹ́wẹ́, tí ẹyọ kan kì í sábà ju ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Wọ́n á kọ àdírẹ́sì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, wọ́n á rán wọn lọ, wọ́n á sì tò wọ́n pa pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́. Èyí tó bá sọnù lọ́nà, ó lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí “ohùn yín ń já” tí gbogbo ayé ń pariwo fi bá a mu ju ti ìgbà wáyà lọ. Ká má sì fi í dípò “ó ti já” o: ìpè tó ti já, ẹ tún un pè, ìpè tó ń já, ẹ lè kàn rìn lọ sí ẹnu fèrèsé.

Kí la máa pe irú ìpè yìí? Àwọn ìwé ìròyìn fẹ́ràn “ìpè orí ẹ̀rọ ayélujára”. Ó gùn, “ẹ̀rọ” inú rẹ̀ kò sì wúlò. Ayé tó lu jára wọn ni ayélujára, tí ìhín ti kan ọ̀hún. Ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ kan. “Ìpè ayélujára” tó. Àwọn kan ń pè é ní “ìpè ọ̀fẹ́”, ìyẹn gan-an ló burú jù, torí owó ni wọ́n fi ra dátà. Ní oṣù Kìíní 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi iye tí kò ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún owó ìpè àti dátà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kétu ti àwọn baba wa wà (kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ Mile 12), ìjọba bu owó-orí fráǹkì 5 lé mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp àti Facebook ní 2018. Ariwo pọ̀ débi pé wọ́n tètè gbé e kúrò. “Ìpè dátà” tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Irú ìpè tó ń bọ̀ lọ́nà tún yàtọ̀ sí ti WhatsApp. Ilé-iṣẹ́ kan ní Anthony lè gba nọ́ńbà Èkó, tí àwọn ilé-ìfowópamọ́ ń kọ ní 0201 báyìí, kí nọ́ńbà náà má sì sí nínú fóònù kankan. Bí oníbàárà bá pè, á dún lórí tábìlì ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á dún nínú àpò ọ̀gá tó há sínú sún-kẹẹrẹ ní Kétu ẹ̀gbẹ́ Mile 12, á tún dún lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan ní Manchester. Fún irú nǹkan báyìí, “ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀” ti kéré. “Nọ́ńbà” ni kí a máa sọ: “nọ́ńbà iléeṣẹ́ wa”, kì í ṣe “fóònù iléeṣẹ́ wa”. Ẹni tó ń gba ìpè níbẹ̀ náà, kó fi “ẹ di ìlà mú” sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn nínú ẹ̀wù Yorùbá. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì pa á, mò ń gbé yín fún wọn” ni oníbàárà máa gbọ́ yé.

Nínú ilé, orí iná ni ọ̀rọ̀ wà. Wáyà NITEL ń gbé iná tirẹ̀ bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń dún nínú òkùnkùn. Fóònù ayélujára ò mọ ìyẹn: bí wọ́n bá ti mú iná, tí kò sí ìnfátà, ó dákẹ́. Àwọn ara ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti fẹ́ mọ̀ ọ́n, torí oṣù Kìíní 2027 ni wọ́n fẹ́ pa fóònù oníwáyà àtijọ́ tì pátápátá. Bákan náà, 767 tí ará Èkó ń pè nígbà pàjáwìrì kò ṣeé pè lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Yorùbá ti ní sílẹ̀ de ìpè tó ń fi ojú pamọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2017 sí 2018, ìpè láti òkè òkun ń wọ Nàìjíríà pẹ̀lú nọ́ńbà abẹ́lé lójú fóònù, nítorí pé owó tí wọ́n ń san lórí ìpè òkèèrè lé ní 24 náírà ní ìṣẹ́jú kan, ti abẹ́lé kò sì tó 5. Àwọn kan ń kọ “ìpè ayédèrú”. Ìpè náà kì í ṣe ayédèrú, ojú rẹ̀ ni wọ́n bò. Eégún tó gbé agọ̀ wọ̀ ni: “ìpè alágọ̀”.

Èyí tó kù ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó ń ní kí oníbàárà tẹ nọ́ńbà kan kí wọ́n tó dá a lóhùn. Bí wọ́n bá ní “ẹ tẹ méjì”, ìbéèrè tó kàn ni: méjì kí ni? “Méjì” ń fẹ́ ohun tí ó ń kà. Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ni oókan, eéjì, ẹẹ́ta. “Ẹ tẹ eéjì fún Yorùbá” ló yẹ kí ohùn náà sọ, bó bá sì kan òdo, kó pè é ní òdo.