Ẹ̀KA ÌMỌ̀ PỌ̀ JU DÓKÍTÀ ÀTI LỌ́YÀ LỌ
(Ẹ̀kọ́ fún Òbí àti Ọ̀dọ́, láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ)

Ìgbìmọ̀ ìwé yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́, mo sì mú èyí tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Bí a bá pe àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe JAMB síwájú fún àdúrà, tí a bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́, ìdáhùn wọn kì í ju mẹ́ta lọ: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Àwọn òbí a sì máa mi orí lẹ́yìn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé mẹ́ta yìí náà ni gbogbo ìmọ̀ tó wà láyé?

Rárá o. NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó yunifásítì, ti to gbogbo ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sí ọ̀nà 17 nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022. Ìṣègùn wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ náà wà níbẹ̀, àti ìtọ́jú ẹranko, ìmọ̀ oògùn, kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ olùkọ́, yíya àwòrán ilé, iṣẹ́ ìròyìn àti àwọn mìíràn. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tún wà. Èdè Yorùbá tí à ń sọ yìí pàápàá, dìgírì wà fún un.

Kò rí báyìí látijọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí Yaba Higher College lọ́dún 1934, igbákejì dókítà, igbákejì ẹnjiníà àti tíṣà ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dà, kò sì sí dìgírì níbẹ̀. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Dókítà Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1948 ni University College, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀, láti Yaba ni wọ́n sì ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 àkọ́kọ́ lọ. Ní 1962, yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣègùn, òfin àti ẹ̀kọ́ òwò. Ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, ó sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ kún tirẹ̀. Àwọn kan jà kí ilẹ̀kùn tó ṣí, àwa wá kó ara wa jọ sẹ́nu ilẹ̀kùn mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú wa ń rí ṣe àpẹẹrẹ. Agolo Bournvita tí Cadbury ń ṣe ní Àgídíngbì níbí ńkọ́? Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló mọ àrùn tí ń ba kòkó jẹ́ lóko. Ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ló mọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó tí a bá ń yan án. Ẹlòmíràn ń wá kòkòrò àìfojúrí nínú rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹnjiníà ń tún ẹ̀rọ ṣe, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ló ya ara agolo, ẹni tí ó mọ èdè ló kọ ìpolówó, ẹni tí ó kọ́ ìṣirò owó ló mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀.

Mo fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ kejì, ojú sì ń tì mí díẹ̀. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́wàá, mo pinnu pé ọmọbìnrin mi yóò di dókítà dandan. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dẹ́rù bà mí, ìṣirò ni mo fẹ́ràn.” Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe JAMB lórí ìṣègùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni máàkì kò tó. Ìyá rẹ̀ ló bá mi sọ ọ́ lóru ọjọ́ kan, kí n tó gbà. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò oníye tí wọ́n ń pè ní statistics. Lónìí, ilé iṣẹ́ kan ní Ọgbà ló wà; ó ń ka iye ọjà tó bàjẹ́ lójúmọ́, ó sì ń sọ fún wọn ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣìṣe. Kò dárúkọ ọdún mẹ́ta yẹn sí mi rí. Èmi ni mò ń rántí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ èyí pẹ̀lú: sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni JAMB, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ìṣègùn ń fẹ́ físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì. Ẹnjiníà ń fẹ́ ìṣirò dípò bàọ́lọ́jì. Ìṣirò owó ń fẹ́ ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Nítorí náà, SS1 ni yíyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a ra fọ́ọ̀mù. Ọmọ tí ó bá ju kẹ́mísírì sílẹ̀ níbẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé àjọ̀dún yìí, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ará wa tí wọ́n ti kàwé ní oríṣiríṣi ẹ̀ka yóò jókòó ní yàrá àwọn ọmọdé. Ẹ mú ọmọ yín wá tòun ti rìpọ́ọ̀tù káàdì rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.