Èsì Ìbò Àkọ́kọ́ Kọ́ Ni Òpin Ìdíje

Ní ilẹ̀ gbogbo tí àwọn ará ìlú ti ń fi ìbò yan olórí, ọjọ́ ìdìbò gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń retí. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kí ọjọ́ náà tó dé ní oṣù kọkànlá, ìdíje mìíràn a ti kọ́kọ́ wáyé nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan. Ìdíje yìí ni a ń pè ní ìdìbò abẹ́lé. Nínú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ti ń bá ara wọn du ipò, tí ọ̀rẹ́ ń kojú ọ̀rẹ́, títí ẹnìkan ṣoṣo yóò fi kù tí yóò dúró fún ẹgbẹ́ náà nínú ìbò gbogbogbòò.

Ìdìbò abẹ́lé kì í wáyé ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí di nǹkan bí oṣù kẹfà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, olùdìbò a wọ inú yàrá lọ, a sì dìbò rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní àwọn mìíràn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní gbọ̀ngàn àdúgbò ní alẹ́, wọn a sì jíròrò kí wọ́n tó fi ẹni tí wọ́n fẹ́ hàn. Bí ìbò bá ti pọ̀ tó ni a ó fi pín àwọn aṣojú fún àwọn olùdíje. Àwọn aṣojú wọ̀nyí ni yóò lọ sí àpéjọ ńlá ẹgbẹ́, ẹni tí ó bá sì ní ju ìdajì wọn lọ ni a ó fà kalẹ̀.

Fún ọdún púpọ̀, ìpínlẹ̀ méjì ni ó máa ń ṣáájú àwọn yòókù: Iowa àti New Hampshire. Ọdún 1916 ni New Hampshire bẹ̀rẹ̀ irú ìdìbò yìí. Láti ọdún 1920 ni ó sì ti ń ṣáájú, débi pé òfin ìpínlẹ̀ náà pa á láṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí ìpínlẹ̀ tí yóò ṣe irú rẹ̀ ṣáájú òun. Iowa ní tirẹ̀ bọ́ sí iwájú ní ọdún 1972. Ìpínlẹ̀ kékeré ni àwọn méjèèjì. Ní ọdún 2020, nínú aṣojú 3,979 tí ẹgbẹ́ Democrat fẹ́ fi ìbò pín, 41 péré ni ti Iowa, 24 péré sì ni ti New Hampshire. Àpapọ̀ wọn kò tó 2 nínú 100. Kí ni ó wá fà á tí gbogbo àwọn oníwèé ìròyìn fi ń ya lọ síbẹ̀ bí omi?

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Fún ọdún kan gbáko tí ó ṣáájú, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó máa ń wà nílẹ̀. Àwọn olùdíje a máa ṣe ìlérí, àwọn amòye a máa sọ àsọtẹ́lẹ̀, àwọn olùwádìí a sì máa béèrè èrò ará ìlú. Èsì Iowa àti ti New Hampshire ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó ka ìbò gidi. Ẹni tí ebi ìròyìn ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní ṣàì gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì láìjẹ ẹ́ dáadáa.

Ohun ìyanu kan tún wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó borí, kì í ṣe iye ìbò nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń wò. Ohun tí wọ́n ti ń retí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ògbóǹtarìgì oníjàkadì bá bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan jà, tí ó jẹ́ pé agbára káká ni ó fi dá a, ta ni èrò ìwòran yóò yìn? Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní New Hampshire ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1968. Lyndon Johnson ni ó wà lórí oyè ààrẹ nígbà náà, ogun Vietnam sì ti mú kí inú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ru. Eugene McCarthy, aṣòfin kan tí ó lòdì sí ogun náà, jáde láti bá a díje. Johnson ni ó ní ìbò tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò tó 50 nínú 100. McCarthy sì ní nǹkan bí 42. Gbogbo ènìyàn kà á sí ìtìjú fún ààrẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Robert Kennedy náà jáde fún ìdíje. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, Johnson kéde lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán pé òun kò du ipò náà mọ́.

Ní ọdún 1972, Edmund Muskie rí irú rẹ̀. Òun ni ó borí ní New Hampshire: ó ní nǹkan bí 46 nínú 100, George McGovern sì ní 37. Ṣùgbọ́n Maine, ìpínlẹ̀ tí Muskie ti wá, bá New Hampshire pààlà, àwọn ènìyàn sì ti retí pé yóò ju ìdajì lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe ipò kejì ni a bẹ̀rẹ̀ sí yìn, ẹni tí ó ṣe ipò kìíní ni a sì ń káàánú. McGovern ni ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ níkẹyìn.

Nígbà mìíràn, èsì àkọ́kọ́ a máa gbé ẹni tí a kò mọ̀ ga. Jimmy Carter, àgbẹ̀ ẹlẹ́pà tí ó ti ṣe gómìnà Georgia, kò lórúkọ púpọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí ó tó ṣe dáadáa ní Iowa ní ọdún 1976. Ọdún náà kò parí kí wọ́n tó dìbò yàn án ní ààrẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èsì náà a máa tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún 1980, George Bush borí Ronald Reagan ní Iowa, ó sì rò pé ọ̀nà ti là fún òun. Oṣù náà kò pé méjì kí Reagan tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ ní New Hampshire, Reagan náà ni ó sì di ààrẹ.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ti ọdún 2020 ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jù. Lára àwọn olùdíje ẹgbẹ́ Democrat ni Joseph Biden wà, ẹni tí ó ti ṣe igbákejì fún Ààrẹ Barack Obama láti ọdún 2009 títí di ọdún 2017. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti jáde fún ipò ààrẹ ṣáájú ìgbà náà, fún ìbò ọdún 1988 àti ti ọdún 2008, kò sì borí ní ìpínlẹ̀ kankan rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2020, Iowa dìbò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi kó èsì jọ kùnà, ó sì gba ọjọ́ mélòó kan kí èsì tó jáde. Pete Buttigieg àti Bernie Sanders ni ó wà níwájú, ìbò wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ipò kẹrin ni Biden ṣe. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ó tún ṣe ipò karùn-ún ní New Hampshire, ìbò rẹ̀ kò sì tó 9 nínú 100.

Kí ni àwọn ènìyàn wí? Ọ̀pọ̀ wí pé ó parí fún un. Àwọn tí ń fi owó ràn án lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ da owó rẹ̀ sínú omi. Àwọn tí ó mọ ìtàn tún ní ẹ̀rí lọ́wọ́: láti ọdún 1952, kò tíì sí ẹni tí ó ṣe ipò tí ó rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ ní New Hampshire tí ó tún di ààrẹ. Báyìí ni a ṣe ń ṣe ìsìnkú ẹni tí kò tíì kú.

Biden kò dúró gbọ́ ìparí èsì náà ní New Hampshire. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ni ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Columbia, olú-ìlú South Carolina. Níbẹ̀ ni ó ti sọ fún àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ pé ìpínlẹ̀ méjì péré ni ó tíì sọ̀rọ̀, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni kò tíì dìbò. Òtítọ́ ni. Aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù ní Iowa àti ní New Hampshire. Ní South Carolina, àwọn aláwọ̀ dúdú ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ń dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat.

Ó yẹ kí á rántí ohun tí ìbò yìí jẹ́ fún wọn. Ìgbà kan wà tí ẹgbẹ́ Democrat kan náà ní South Carolina kò gbà kí aláwọ̀ dúdú kankan dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé rẹ̀. Ọkùnrin oníṣòwò kan tí ń jẹ́ George Elmore ni ó gbé ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 1947, Adájọ́ Waties Waring dá a láre, ní ọdún 1948 sì ni àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí dìbò níbẹ̀. Elmore jìyà nítorí ọ̀rọ̀ náà, òwò rẹ̀ sì bàjẹ́. Kò ṣe é sọ, nígbà náà, pé ìdíje ti parí kí àwọn ọmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ tó la ẹnu.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, Biden ṣe ipò kejì ní Nevada. Ní ọjọ́ 26, James Clyburn, àgbà aṣòfin aláwọ̀ dúdú láti South Carolina, kéde pé ẹ̀yìn Biden ni òun wà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29, South Carolina dìbò, Biden sì ní nǹkan bí 49 nínú 100, ó fi ẹni tí ó ṣe ìkejì sílẹ̀ jìnnàjìnnà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò borí ní ìpínlẹ̀ kan nínú ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, Buttigieg àti Amy Klobuchar jáwọ́, wọ́n sì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ìpínlẹ̀ 14 dìbò lẹ́ẹ̀kan náà. Biden borí ní 10. Ní oṣù kẹrin Sanders náà jáwọ́. Ní oṣù kọkànlá Biden borí nínú ìbò gbogbogbòò, ó sì gorí oyè ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2021.

Kì í ṣe pé èsì àkọ́kọ́ máa ń purọ́ ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2024, Donald Trump ní ju ìdajì ìbò ẹgbẹ́ Republican lọ ní Iowa, ó borí ní New Hampshire pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a dúró mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹni tí ó bá borí níbi gbogbo ti dé èbúté. Ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Democrat fi South Carolina ṣáájú, Biden sì borí ní ìpínlẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù keje, ó jáwọ́ nínú ìdíje, Kamala Harris sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Nítorí náà, nígbà tí èsì àkọ́kọ́ bá jáde níbikíbi, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ọlọgbọ́n béèrè. Èkíní, àwọn wo ni ó ti sọ̀rọ̀, àwọn wo ni kò sì tíì sọ̀rọ̀? Èkejì, èló ni a tíì pín, èló ni ó sì kù? Ẹ̀kẹta, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni à ń sọ ni, tàbí ohun tí a ti retí tẹ́lẹ̀? Ẹni tí kò bá béèrè wọn lè fi ẹnu ba ti ẹlòmíràn jẹ́, nítorí bí gbogbo ènìyàn bá ti wí pé olùdíje kan kò lè borí, owó rẹ̀ a gbẹ, ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀ a rẹ̀wẹ̀sì, ohun tí a wí láìmọ̀ a sì ṣẹ. Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó gbọ́ ti ìpínlẹ̀ méjì, tí ó sì dájọ́ fún 50, kò yàtọ̀ sí i.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìdìbò abẹ́lé àti ìbò gbogbogbòò?
2. Kí ni ó fà á tí a fi ka èsì New Hampshire ti ọdún 1968 sí ìtìjú fún Johnson, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù?
3. Báwo ni ọ̀rọ̀ George Elmore ṣe kan ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní South Carolina ní ọdún 2020?
4. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: agbára káká, ṣiyèméjì, jáwọ́, fi ẹ̀yìn ẹni balẹ̀.
5. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Mú àpẹẹrẹ láti inú ìgbésí ayé ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ìlú rẹ.