Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìbàdí Ń Ro Mí

Fairburn wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Atlanta, lẹ́bàá títì ńlá I-85. Ilé ìkẹ́rùsí pọ̀ níbẹ̀. Ká sọ pé bàbá kan tó ń gbé ẹrù ní ọ̀kan nínú wọn ní kí o bá òun lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ òun lẹ́nu. Ìwọ ni ògbufọ̀.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀

Ìwọ: Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Níbo ló ń dùn yín?

Bàbá: Ìbàdí ni, ọmọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé páálí, ó sì ta mí wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo ti mu àgbo.

Ìwọ: Báwo ló ṣe ń ṣe yín báyìí?

Bàbá: Ìbàdí ń ro mí. Ẹsẹ̀ ń ta mí. Àtàǹpàkò rẹ̀ kú tipiri.

Ìwọ: Ẹ má bínú, sà. Ṣé ìtọ̀ kì í dédé jáde lára yín?

Bàbá: Rárá o!

Àyọkà

Egungun 5 ló wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Dísìkì ló dà bí tìmùtìmù láàárín wọn. Bí dísìkì bá wú jáde, ó lè tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Ní 1934 ni Mixter àti Barr, dókítà méjì ní Boston, tẹ àlàyé pàtàkì jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìṣe iṣẹ́ abẹ. Kí aláìsàn má sùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Oògùn ìrora àti eré ìdárayá tí onífísíò bá kọ́ ọ lè ràn án lọ́wọ́. Bí ìrora bá kọ̀ tí kò lọ, dókítà lè ronú abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń dédé jáde, tí kò ṣeé tọ̀, tí abẹ́ kú, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ sí i, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀.

Àkíyèsí

Ẹ̀yà ara ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe; ẹni tó ń jìyà ń tẹ̀lé e: *ẹ̀yìn ń dùn mí*. Má sọ pé *mo ń dùn*.

- *ro*: ìrora tó wúwo, tí kì í tètè lọ
- *ta*: ìrora tó ń sáré bí iná
- *kú*: kò mọ nǹkan lára mọ́

Bí o bá fi *dùn* nìkan túmọ̀ gbogbo wọn, dókítà kò ní mọ̀ pé iṣan ni dísìkì ń tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pe ìbàdí ríro ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n sì ń dá ṣúgà lẹ́bi. Má bá bàbá jiyàn. Sọ ohun tó ń ṣe é gẹ́lẹ́, kí o sì dárúkọ àgbo náà, nítorí ó lè má bá oògùn mìíràn mu.

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí o fi béèrè nípa ìtọ̀?
2. Fi *ro*, *ta* àti *kú* ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.
3. Sọ fún bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìdí tí kò fi yẹ kí ó máa sùn sílẹ̀ ṣáá.