Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ÀTÍBÀBÀ TÍ ÌJÌ KÒ NÍ GBÉ LỌ

Gbogbo wa la mọ àtíbàbà. A mọ bí a ṣe ń ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, bí a ṣe ń to igi lé wọn lórí, àti bí a ṣe ń fi páànù, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí tapólì bò ó. Àwọn tó ń tajà lábẹ́ àtíbàbà wà láàárín yín. Àwọn tó ń ránṣọ lábẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó kàn án síwájú ilé, tí wọ́n jẹ́ kí òdòdó fà bò ó fún ìbòòji, náà wà. Nítorí náà, a kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń kan àtíbàbà. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ òní dá lé, nítorí pé òun ni àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín máa ń gbọ́ sódì.

Ohun náà nìyí: ìjì kì í ti àtíbàbà nìkan. Ìjì máa ń fà á sókè.

Ẹ tún un kà sókè, kí ẹnìkejì yín gbọ́: ìjì máa ń fà á sókè.

Bí a bá béèrè ohun tó ba àtíbàbà jẹ́ nígbà òjò àkọ́rọ̀, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Afẹ́fẹ́ ló tì í ṣubú.” Oníkálukú á wá lọ ra òpó tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn mìíràn á gbé òkúta, búlọ́ọ̀kù tàbí ògbólógbòó táyà lé páànù lórí. Ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì tà bá wa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, “Tíṣà, òpó mi nípọn ju itan mi lọ. Afẹ́fẹ́ wo ló máa tì í?” Òótọ́ ni ìyá sọ. Òpó náà kò ṣubú. Páànù àti igi òkè ni wọn kò rí mọ́.

Ẹ lọ wo àtíbàbà tí ìjì ti bà jẹ́, ẹ wò ó dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó bá òpó lóòró, orí rẹ̀ á sì ṣófo. Níbòmíràn, òpó ló máa yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ihò tó ti yọ. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í ni, ihò náà á ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ihò bá dúró bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀, a jẹ́ pé ńṣe ni ìjì fa òpó náà yọ gbọnrangandan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ẹ di etí rẹ̀ kan mú sí abẹ́ ètè yín, kí ìyókù rọ̀ sílẹ̀ níwájú. Ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn gba òkè bébà náà kọjá. Bébà tó rọ̀ sílẹ̀ á gbéra sókè. Ẹ kò fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́ rẹ̀ o. Òkè rẹ̀ ni atẹ́gùn gbà, síbẹ̀ ó gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì ṣe ń ṣe òrùlé. Ti àtíbàbà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní ògiri: ìjì á máa fà á láti òkè, á sì tún ráàyè wọ abẹ́ rẹ̀ láti gbé e. Ẹni tó bá ti di agboòrùn mú nínú ìjì mọ ohun tí à ń sọ. Ìjì kì í tẹ agboòrùn mọ́ wa lórí. Ó máa ń fẹ́ já a gbà ni.

Báwo ni agbára yẹn ṣe pọ̀ tó? Ẹ jẹ́ ká mú àtíbàbà tó jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 3 ní ìbú. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan lè fà á sókè pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì kan, ìyẹn kílò 50. Bí eré afẹ́fẹ́ náà bá di ìlọ́po méjì, tó di kìlómítà 72, ẹ má sọ pé àpò méjì ni. Àpò mẹ́rin ni! Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Páànù tó bo irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 30 kílò lọ. Òkúta mélòó lẹ fẹ́ gbé lé e tó máa tó àpò mẹ́rin? Bí ìjì bá sì gbé páànù, òkúta yẹn á bọ́ lu ẹni tó sá sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí.

Ohun tó tọ́ ni pé kí nǹkan kan di nǹkan kejì mú láti òkè dé ilẹ̀. Páànù á di igi mú. Igi á di òpó mú. Òpó á di ilẹ̀ mú. Bí ọ̀kan bá tú, gbogbo rẹ̀ tú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rọ kọnkéré kún un. Kọnkéré inú ihò kan á wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, òpó mẹ́rin sì ni. Ṣùgbọ́n igi dídán lè yọ nínú kọnkéré. Ẹ kan ìṣó ńlá mẹ́rin sí ìdí òpó, kí ẹ jẹ́ kí orí wọn yọ síta, kí kọnkéré lè rí nǹkan dì mú. Ẹ fi oògùn ikán pa ìdí òpó náà kí ẹ tó rì í.

Ibi tí igi ti pàdé òpó ni àwọn káfíńtà kan ti máa ń bà á jẹ́. Wọ́n á kan ìṣó láti orí igi wọ orí òpó, ó parí. Ìjì ń fà sókè, ìṣó náà sì dúró lóòró: ọ̀nà tó gbà wọlé ni yóò gbà jáde. Ẹ ní kí káfíńtà fi irin pẹlẹbẹ kọ́ igi náà lọ́rùn, kó kan án mọ́ òpó ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìṣó ẹ̀gbẹ́ á wà ní ìdábùú sí ibi tí ìjì ń fà sí, kò ní rọrùn láti yọ. Ẹ má sọ fún káfíńtà pé kó máa mánéèjì ìṣó. Owó irin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, kí ẹ tó ra ọ̀dà.

Ní ti títì tí ìjì máa ń ti àtíbàbà, igi kúkurú tó dagun láti ara òpó dé ara igi òkè, ní igun kọ̀ọ̀kan, ló ń gba ìyẹn dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òdòdó lórí àtíbàbà, ẹ fi àlàfo sáàárín igi òkè kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí ẹ sì gé ewé rẹ̀ kó má ki jù, torí pé ewé tó ki á dí àlàfo náà, á sì gba ìjì bíi páànù. Ẹ̀yin tó ń lo tapólì, ẹ má so ó le sí i nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Ẹ tú u. Ìjì líle tiwa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Bí ìlà-oòrùn bá ti ṣú dùdù, àsìkò àti tú tapólì ti tó nìyẹn.

Ẹ má so okùn àtíbàbà mọ́ òpó iná. Ẹ má ri òpó sínú gọ́tà tí omi gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá. Páànù tó bá fò lè bẹ́ ènìyàn lọ́rùn, ọmọ aládùúgbò sì lè wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó kan àtíbàbà ló ni páànù rẹ̀, ibikíbi tó bá balẹ̀ sí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ dúró lábẹ́ àtíbàbà yín, kí ẹ gbójú sókè. Kí ló di páànù mú? Kí ló di igi òkè mú? Kí ló di òpó mú? Ẹ kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀. Ìlà tó bá ṣófo ni kí ẹ fi han káfíńtà, kí òjò tó dé.