Ẹ Má Jẹ́ Kí Sọ́fítíwíà Yín Dákú Mọ́ Oníbàárà Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ sọ́fítíwíà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, yálà LAUTECH lẹ ti kẹ́kọ̀ọ́, tàbí Ajayi Crowther, tàbí ẹ fúnra yín lẹ kọ́ra yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún ilé ìwé àti ilé ìtajà oògùn wúlò púpọ̀. Àmọ́ àìsàn kan ń bá a jà: oníbàárà tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, "Not Responding" yọ lókè, gbogbo nǹkan dúró gbagidi.

Bí sọ́fítíwíà kò bá dáhùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5, Windows ló ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i lórí. Sọ́fítíwíà náà lè má tíì kú o. Ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí àwọn òbí tò síwájú rẹ̀, tí iná sì ti lọ, tí inverter ń ké, kò ní dúró. Yóò pa á. Bó bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ owó ló ń kọ lọ́wọ́, ìdajì lè wọlé, kí ìdajì ṣòfò.

Ohun tó ń fà á nìyí: thread, ìyẹn okùn iṣẹ́ inú sọ́fítíwíà, kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ti màúsì àti kíbọọ̀dù, òun náà ló ń ya ohun tí à ń rí. Ẹ tún wá ní kó lọ ka àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò dá oníbàárà lóhùn? Ìyá olóúnjẹ ní ọjà Akẹ̀sán kì í fi oníbàárà sílẹ̀ lọ rokà. Ẹlòmíràn ló ń rò ó lẹ́yìn. Bó bá jinná, wọn á ké sí i.

Irinṣẹ́ tí ẹ fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. BackgroundWorker ti wà nínú .NET láti 2005, SwingWorker wọ Java ní 2006, async àti await dé inú C# ní 2012. Ẹ gbé iṣẹ́ tó wúwo fún thread mìíràn, kó máa fi event jíṣẹ́ padà: mo ti dé ìdajì, mo ti parí, àṣìṣe wà.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù nìyí. Thread ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí thread méjì bá sì jọ ka ₦50,000 nínú àkọsílẹ̀ owó kan náà, tí ọ̀kan fi ₦20,000 kún un, tí èkejì fi ₦10,000 kún un gbẹ̀yìn, ẹni tó kọ kẹ́yìn ló ń borí: ₦60,000 lẹ máa bá níbẹ̀, ₦20,000 ti wọmi. Ẹ lo lock, tàbí transaction inú database. Bákan náà, ojú kọ̀ǹpútà tí kò dákú mọ́ ń gba títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ti bọ́tìnnì ìsanwó pa títí iṣẹ́ yóò fi parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òbí kan á sanwó méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra sọ́fítíwíà náà, kí ẹ tó san gbèsè tó kù, ẹ ní kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ yín ti ọdún tó kọjá wọlé lójú yín, lórí kọ̀ǹpútà yín tó ti gbó. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ fi màúsì fa fèrèsé rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún. Bí kò bá mì, tàbí tí "Not Responding" bá yọ lókè, ẹ má tíì sanwó.