Wíwọn Ilé Kí A Tó Rà Á: Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé tí Aláàbọ̀ Ara Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti orí pẹpẹ. Ti téèpù ni.

Ìdílé kan nínú ìjọ wa (a ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí a tó kọ èyí) ra ilé oníyàrá mẹ́ta nítòsí Peckham Rye. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyàwó ní apá òsì, àga oníkẹ̀kẹ́ ni ó sì ń lò. Nígbà tí ọkọ ń lọ wo ilé, ó fi ìyàwó sílẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí wàhálà pọ̀ fún un. A mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí ará ìta máa wo aláìlera wa. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́, gbogbo wa jẹ ìrẹsì. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé ni wọ́n tó mọ̀ pé àga fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 66, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ kò sì ju 61 lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni arábìnrin wa fi ń wẹ̀ nínú bàsíà ní kíṣínì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ilé ìwé.

Ara àti àga ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n, kí a tó kan ilé. Kí ẹni náà jókòó bí ó ti máa ń jókòó. Ẹ wọn àga níbi tí ó fẹ̀ jù, èyí tí í ṣe irin róbótó tí a fi ń ti táyà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà láàárín 60 sí 70. Ẹ fi 5 kún un ní ọ̀tún, 5 ní òsì, nítorí ọwọ́ tí ń ti táyà a máa yọ síta. A ti di egbò ẹ̀yìn ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ èyí. Ẹ wọn gígùn láti orí ìka ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn àga, gíga ìjókòó, gíga orúnkún, àti ibi tí ọwọ́ tó le lè nà dé. Téèpù irin ti káfíńtà ni kí ẹ lò. Ti télọ̀ a máa fà.

Nígbà tí ẹ bá wá dé ilé tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣe wọn pákó ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tó wọ́pọ̀ nínú ilé níhìn-ín fẹ̀ ní 76, ìyẹn ínǹṣì 30, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i, àyè tó kù kì í ju nǹkan bí 70 lọ. Ẹ ṣí i dé ibi tó lè dé, kí ẹ sì wọn láti ojú ilẹ̀kùn dé fírémù tó kọjú sí i. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá há, tí àga gbọ́dọ̀ yà kó tó wọlé, ẹnu ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí rédíétọ̀ bá wà lára ògiri, láti ara rẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n. Àwòrán ilé tí éjẹ́ǹtì ń pín kì í sọ nǹkan wọ̀nyí, ẹni tí báǹkì rán wá yẹ ilé wò kò sì ní sọ ọ́. Iye tí ilé tó ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ pọ̀ títí yóò fi di 150 ní ìbú àti 150 ní òró, kí ẹ ká a sínú àpò. Àyè tí àga fi ń yí po nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sí balùwẹ̀, sí kíṣínì, sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ibùsùn yóò wà. Éjẹ́ǹtì lè rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín.

Ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ wo apá tó le. Ẹni tí òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ nílò irin ìdìmú ní ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ pé fèrèsé ló wà ní ọ̀tún, kò sí ibi tí a ó kan irin mọ́. Àtẹ̀gùn náà bẹ́ẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi ń gòkè kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan náà ni yóò wà nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ìdìmú gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ilé ìgbà Ọbabìnrin Victoria ní Peckham ní àtẹ̀gùn níwájú ìta. Ọ̀nà dídagẹ̀rẹ́ tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju 1 sí 12 lọ: bí àtẹ̀gùn mẹ́ta bá ga ní 18 lọ́kọ̀ọ̀kan, 54 ni àpapọ̀, ọ̀nà náà yóò sì gùn tó mítà 6 àti ààbọ̀, láìka ibi ìsinmi. Iwájú ilé mélòó ló gùn tó bẹ́ẹ̀? A máa ń wàásù nípa Mefiboṣẹti tí Dáfídì mú wá sí tábìlì ọba; kò sí ẹni tó bi wá rí bóyá àtẹ̀gùn wà ní ààfin.

Àwọn ilé tí a kọ́ lẹ́yìn 1999 sàn díẹ̀, nítorí ọdún náà ni òfin kíkọ́lé tí à ń pè ní Part M bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé gbígbé tuntun wí: kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìpele tí a ń bá wọlé, kí ẹnu ọ̀nà sì fẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni òfin yẹn ń rò, kì í ṣe onílé. Láti 2015 ni ìpele mẹ́ta ti wà, M4(3) sì ni ti ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Ètò ìlú London ti 2021 ní kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilé tuntun jẹ́ irú rẹ̀, ó kéré tán. Ẹ bi éjẹ́ǹtì léèrè: ṣé M4(3) ni, ṣé ó ti ṣetán fún lílò, àbí èyí tí a ṣì ní láti tún ṣe? Bí ó bá jẹ́ fúláàtì, kí lọ́yà yín ka ìwé lease dáadáa, nítorí ẹ lè nílò àṣẹ onílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri. Ẹ sì bi àwọn ará àdúgbò bí lífíìtì ti ń ṣe.

Àwọn kan máa ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká rà á ná, káńsù á tún un ṣe.” Òótọ́ ni pé owó ìrànwọ́ Disabled Facilities Grant wà, ó sì lè tó £30,000 ní ilẹ̀ England. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti ti jẹ́ onílé tàbí ayálégbé kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí i. Wọn a wo owó tí ń wọlé fún aláàbọ̀ ara àti ẹnì kejì rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ọmọdé. Ẹ kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Òfin 1996 tó gbé owó náà kalẹ̀ sì ní kí káńsù wò ó bóyá iṣẹ́ ọ̀hún ṣeé ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ipò tí ilé wà. Wọ́n lè kọ̀. Ohun tó dé bá ìdílé tí a sọ nìyẹn: ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wọn wà láàárín àtẹ̀gùn àti ògiri tó gbé òkè ilé dúró, kò sí ibi tí a lè fẹ̀ ẹ́ sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá ilé rárá, ẹ sọ fún Káńsù Southwark, tàbí káńsù tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀, pé ẹ fẹ́ kí occupational therapist wá yẹ ẹni náà wò. Kò gba owó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé, bí wọ́n tilẹ̀ ti gba iye tí a dá lé ilé, kò tíì di dandan títí àwọn lọ́yà yóò fi pààrọ̀ ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá padà sẹ́yìn lè pàdánù owó ìdáwọ́lé, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá iye ilé.

Ìdílé náà ti ń ta ilé yẹn báyìí, wọ́n sì ń wo òmíràn ní apá Queens Road, níbi tí ibùdó rélùwéè ti ní lífíìtì. A bá wọn lọ ní Sátidé tó kọjá. Arábìnrin wa fúnra rẹ̀ ni ó di orí téèpù mú, ó sì kọ ilé àkọ́kọ́ kí a tó dé kíṣínì. Téèpù náà, mítà 5, wà lọ́wọ́ wa. Ẹ bi wá léèrè lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ sì dá a padà.