DÁÍNÙ ÀTI MADÍÌNÙ: TA NI Ó NI OWÓ, TA NI Ó JẸ GBÈSÈ?

 

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin ìjọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ méjì ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ojoojúmọ́ ni àwọn ilé-ìfowópamọ́ ń lò wọ́n. Báǹkì ilẹ̀ wa ń pè wọ́n ní kírẹ́díìtì àti dẹ́bíìtì. Báǹkì ilẹ̀ Lárúbáwá ń pè wọ́n ní dáínù (دائن) àti madíìnù (مدين). Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọn kò ju "owó wọlé" àti "owó jáde" lọ. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n dáadáa yóò mọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àti ẹni tí ẹ̀tọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

1. Ìpìlẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà

Harafi mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ wọn: د, ي, ن. Bí a bá fi fat-ha sí dáálì, a ó ka dayn (دَين), èyí tí í ṣe gbèsè. Bí a bá fi kasra sí i, a ó ka dīn (دِين), èyí tí í ṣe ẹ̀sìn, tó sì tún ń jẹ́ ẹ̀san, bí a ti ń pe ọjọ́ ìgbẹ̀san ní Yawmud-Dīn. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ ahọ́n rẹ̀, kí ó má baà pe ẹ̀sìn ní gbèsè.

Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ sarfu mọ ìwọ̀n fā'il (فاعل) fún ẹni tó ṣe nǹkan, àti maf'ūl (مفعول) fún ẹni tàbí ohun tí a ṣe nǹkan sí. Láti ara bā'a, "ó tà", ni a ti rí bā'i' (بائع), ẹni tó ta ọjà, àti mabī' (مبيع), ọjà tí a tà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dāna rí. Dáínù ni ẹni tó yáni lówó. Madíìnù ni ẹni tí a yá lówó. Madyūn (مديون) ni ìbá jẹ́ ní ìpìlẹ̀, yáù tó wà láàrin ni ó jẹ́ kí wọ́n gé e kúrú. Àwọn Lárúbáwá kan ṣì ń pe madyūn, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ kan tó ní ojú méjì

Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá àtijọ́ sọ pé dāna fúnra rẹ̀ lè jẹ́ kí ènìyàn yá ẹlòmíràn lówó, ó sì lè jẹ́ kí òun gan-an lọ yáwó. Irú ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ méjèèjì takora báyìí ni wọ́n ń pè ní addād (أضداد). Ibn al-Anbārī, tó kú ní ọdún 940, kọ odidi ìwé kan lórí wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín àwọn Lárúbáwá, nítorí èdè Yorùbá náà ní tirẹ̀. Ẹ wo "yá". "Mo yá a lówó": èmi ni dáínù. "Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀": èmi ni madíìnù. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. "Lówó" àti "lọ́wọ́" ni ó sọ ẹni tó ni owó di mímọ̀. Ẹni tó bá ń kọ̀wé láìfi àmì sí i, gbèsè lè yí padà lójú ẹni tó ń kà á.

3. Kí ló dé tí báǹkì fi ń pe owó tí a fi pamọ́ ní kírẹ́díìtì?

Ká ní ìyá kan mú ₦50,000 lọ sí báǹkì. Báǹkì yóò kọ kírẹ́díìtì ₦50,000 sí àkáǹtì rẹ̀, alert yóò sì wọ fóònù rẹ̀. Ta ni ó jẹ ta ní gbèsè báyìí? Báǹkì ni! Owó ìyá yìí ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ìgbàkígbà tó bá sì béèrè ni wọn yóò san án. Ìyá yìí ni dáínù, báǹkì ni madíìnù. Bí ó bá gba ₦20,000 padà, báǹkì yóò kọ dẹ́bíìtì ₦20,000, nítorí wọ́n ti san díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n jẹ. Gbèsè tó kù lọ́rùn báǹkì jẹ́ ₦30,000.

Èyí bá ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì mu. Ní ọdún 1995, àpérò àgbáyé wọn tó jókòó ní Abu Dhabi ṣàlàyé pé owó tí ènìyàn fi sí báǹkì, tó lè gbà nígbàkígbà, owó tí ó yá báǹkì ni nínú òfin Sharia. Ìdí ni pé báǹkì ń ná owó náà sí òwò tirẹ̀, ó sì jẹ́ dandan fún un láti dá iye rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ èlé ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, a kò ní wọ inú rẹ̀ níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n bí báǹkì bá yá ìyá yìí ní ₦100,000, ọ̀rọ̀ yí padà: báǹkì di dáínù, ìyá di madíìnù.

4. Ìwé ta ni à ń wò?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Bí ènìyàn bá ra ọjà láwìn, a máa ń sọ pé ó rà á ní kírẹ́díìtì. Ṣé òun wá ni dáínù? Rárá o. Nínú èdè Látìnì tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìgbàgbọ́ ni kírẹ́díìtì. Dẹ́bíìtì sì ni ohun tí a jẹ. Ẹni tó tajà láwìn gba oníbàárà gbọ́, nítorí náà òun tó tajà ni dáínù.

Nínú ìwé ọlọ́jà, orúkọ oníbàárà yóò wà lábẹ́ madíìnù. Nínú ìwé oníbàárà, orúkọ ọlọ́jà yóò wà lábẹ́ dáínù. Gbèsè kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìwé méjì ni. Luca Pacioli ará Ítálì ṣàlàyé ètò kíkọ owó sí ojú méjì yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Venice ní ọdún 1494, títí dòní ni àwọn akọ̀wé owó sì ń lò ó. Nínú ìwé owó àwọn Lárúbáwá, ọwọ́ ọ̀tún ni madíìnù máa ń wà, dáínù a wà lọ́wọ́ òsì.

Wọ́n tún ní ọ̀nà kúkúrú kan: lahu (له), "ti rẹ̀ ni", fún dáínù, àti 'alayhi (عليه), "ó wà lórí rẹ̀", fún madíìnù. Yorùbá náà kúkú ń sọ pé gbèsè wà lọ́rùn ènìyàn. Harafi méjì yìí kan náà, li àti 'alā, ni áyà ìgbẹ̀yìn Sūratul-Baqarah lò láti sọ pé ti ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ni rere tó ṣe, orí rẹ̀ sì ni aburú tó ṣe wà.

5. Ohun tó so mọ́ ọn

Áyà tó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì, Sūratul-Baqarah áyà 282, orí gbèsè ni ó wà. Ó pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè tó ní àkókò sílẹ̀, kí akọ̀wé ṣe déédéé, kí a wá ẹlẹ́rìí, kí ó má sì sú wa láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Ta ni yóò sọ ohun tí akọ̀wé yóò kọ? Madíìnù ni, ẹni tí ẹ̀tọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni ó ń dè é. Áyà 280 sì pa dáínù láṣẹ pé bí ara bá ni madíìnù, kí ó lọ́ra fún un títí yóò fi rọrùn. Bí ó bá sì fi tọrẹ, ó dára jù.

Nínú Sūratun-Nisā' áyà 11 àti 12, Ọlọ́hun fi sísan gbèsè ṣáájú pípín ogún. Ẹ rò ó wò: bàbá kan kú, wọ́n ṣí ìwé rẹ̀, wọ́n bá a níbẹ̀ pé "Owó Lágbájá, ₦40,000." Ṣé Lágbájá ni ó jẹ bàbá ni, àbí bàbá ni ó jẹ Lágbájá? Bí wọ́n bá ṣì í kà sí ọ̀nà kan, ọmọ òrukàn yóò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í kà sí ọ̀nà kejì, wọn yóò jẹ owó olówó, gbèsè yóò sì wà lọ́rùn òkú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá ti là á.

Nítorí náà, a ń rọ ẹ̀yin òbí wa, ẹ la ìwé gbèsè yín sí ojú méjì. Ẹ kọ "Owó mi tó wà lọ́wọ́ ènìyàn" (لي) sí ojú kan, kí ẹ kọ "Gbèsè tó wà lọ́rùn mi" (عليّ) sí èkejì. Ẹ kọ orúkọ, iye, ọjọ́ àti ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé mọ ibi tí ìwé náà wà. Ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ àgbà: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

(i) Ìyá kan ra ìrẹsì ₦12,000 láwìn. Ta ni dáínù, ta ni madíìnù? Kọ ọ́ bí yóò ṣe wà nínú ìwé àwọn méjèèjì.
(ii) Bí ìyá náà bá san ₦7,000, kí ni yóò yí padà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan?
(iii) Fún wa ní fā'il àti maf'ūl láti ara bā'a àti dāna, kí o sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú gbólóhùn Lárúbáwá.

Kí Ọlọ́hun bá wa san gbèsè ọrùn wa kí ọjọ́ ó tó dé, kí Ó sì má fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn há wa lọ́wọ́. Āmīn. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.